Ṣé aràn nematode lè gbà wá lọ́wọ́ eṣinṣin máńgòrò?

ÌBÉÈRÈ: Mo ní igi máńgòrò bíi igba lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ báyìí, èso á bẹ̀rẹ̀ sí í rà lórí igi. Tí a bá là á, ìdin funfun ló ń ta pọ́ún-pọ́ún nínú rẹ̀. Àbúrò mi tó wà ní Florida fi fídíò ránṣẹ́ sí mi: wọ́n ń da omi tí aràn wà nínú rẹ̀ sí ìdí ọsàn, wọ́n ní aràn yẹn ń pa kòkòrò inú ilẹ̀. Mo fi han ẹni tó ń ta oògùn oko fún wa lọ́jà, ó ní nematode ló ń ba tòmátì jẹ́, pé kí ló dé tí màá fi owó mi ra ọ̀tá wọ oko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí wọ́n kàn fẹ́ gbowó lọ́wọ́ wa?

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta oògùn yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó kàwé iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò parọ́ lórí tòmátì. Nematode tó ń jẹ́ Meloidogyne wà nílẹ̀ wa, òun ló ń mú kí gbòǹgbò tòmátì, ilá àti ẹ̀fọ́ ta kókó, tí ewé á máa rọ nígbà tí omi ṣì wà nílẹ̀. Àmọ́ nematode pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó ń ba gbòǹgbò jẹ́ ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu tó fi ń gún un mu. Steinernema àti Heterorhabditis, àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn níbí, kò ní abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì lè jẹ gbòǹgbò. Kòkòrò ni oúnjẹ wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gígùn aràn náà kì í sábà ju mìlímítà kan lọ, ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀. Bó ṣe wà nínú ilẹ̀, kì í jẹ nǹkan kan, kòkòrò ló ń dúró dè tàbí tó ń wá kiri. Tó bá kan ìdin, á gba ẹnu wọ̀ ọ́ lára, tàbí ihò ìdí, tàbí àwọn ihò kéékèèké tí kòkòrò fi ń mí. Heterorhabditis tiẹ̀ ní eyín kan tó fi ń ya awọ tí kò bá nípọn. Tó bá ti wọlé, á tu bakitéríà tó gbé sínú ìfun rẹ̀ sílẹ̀, bakitéríà yìí ló sì ń pa ìdin láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Inú òkú yẹn ni aràn á ti máa jẹun, tí á ti máa bímọ. Tí oúnjẹ bá tán, àwọn ọmọ á tú jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n á tún máa wá ìdin mìíràn.

Mo ti rí òkú ìdin tí Heterorhabditis pa. Ó pupa rúsúrúsú, kò rùn, kò fọ́, ara rẹ̀ ń dán. Ẹni tó bá gbé e wọnú yàrá tó ṣókùnkùn biribiri, tó sì ní sùúrù títí ojú rẹ̀ fi mọ́ òkùnkùn lára, á rí i tó ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Bakitéríà inú rẹ̀ ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Èyí tí Steinernema bá pa kì í pupa, ó máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀.

* * *

Ọ̀pọ̀ tó dáhùn ìbéèrè yìí ló ń sọ pé tó bá ti ṣiṣẹ́ ní Florida, yóò ṣiṣẹ́ níbí, torí ilẹ̀ méjèèjì ló ń gbóná. Mi ò fara mọ́ ọn. Kòkòrò tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ ọlọ́sàn ní Florida ń bá jà ni Diaprepes abbreviatus, kòkòrò alẹ́nu gígùn kan tó wá láti erékùṣù Caribbean. Apopka ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1964. Abo rẹ̀ á lẹ ewé méjì pọ̀, á yé ẹyin sáàárín wọn, ó sì lè yé bíi 5,000 kó tó kú. Ọmọ tó bá pa, á já bọ́ sílẹ̀, á wọnú ilẹ̀ lọ, á sì máa jẹ gbòǹgbò ọsàn fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà míì ju ọdún kan lọ. Bó ṣe ń dàgbà ni á máa bó èèpo gbòǹgbò ńlá, tí àrùn Phytophthora á gba ojú ọgbẹ́ yẹn wọlé. Láti nǹkan bí 1990 ni wọ́n ti ń da aràn sí oko ọsàn níbẹ̀. Èyí tó yọrí jù ni Steinernema riobrave, tí wọ́n rí nínú ilẹ̀ Rio Grande Valley ní Texas, torí ooru kì í tètè pa á.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo iye àkókò tí aràn ní níbẹ̀. Ìdin ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ lóṣooṣù. Tí aràn ò bá rí i lónìí, á rí i lọ́la.

Eṣinṣin máńgòrò wa, Bactrocera dorsalis, kò fún ẹnikẹ́ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Éṣíà ló ti wá. Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà lọ́dún 2003, wọ́n rí i ní Benin lọ́dún 2004, kò sì pẹ́ tó fi gba gbogbo agbègbè wa. Inú èso ni ìdin rẹ̀ ti ń jẹun. Tó bá yó, á ta jáde, á rì wọnú ilẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí márùn-ún, kò sì ní pẹ́ rárá tí awọ rẹ̀ á le, tí á di hóró aláwọ̀ igi tí kì í mira. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, eṣinṣin tuntun á jáde nínú hóró yẹn. Àárín ìgbà tó já bọ́ sí ìgbà tí awọ rẹ̀ le ni aràn lè mú un dáadáa. Tó bá ti di hóró tán, ọ̀nà àtiwọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Díẹ̀ lè kan eṣinṣin tuntun bó ṣe ń gba inú ilẹ̀ jáde, àmọ́ kò tó ohun téèyàn lè gbójú lé.

Torí náà, aràn gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ìdin tó bọ́. Ẹni tó bá dúró títí èso fi jẹrà tán kó tó dà á, orí hóró ló ń da owó rẹ̀ sí.

* * *

Ẹnì kan ní ìgò oògùn apakòkòrò DDVP kan ti tó láti parí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò parí nǹkan kan. DDVP kì í pẹ́ nínú ilẹ̀ tó tutù, agbára rẹ̀ á ti lọ kí ìdin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó já bọ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ pa ni èèrà àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń ṣa ìdin jẹ nílẹ̀. Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà: láti 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà torí DDVP tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kó kan máńgòrò.

* * *

Ìyá kan láti Kétu kọ̀wé pé ọmọ àwọn kó aràn bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé, wọ́n dà á sí ìdí ọsàn, àwọn ò rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Mo béèrè bí wọ́n ṣe lò ó. Wọ́n ní inú báàgì ló wà láti pápá ọkọ̀ òfuurufú títí dé ilé, ó sùn sórí tábìlì, wọ́n sì fọ́n ọn ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ìyá, ẹ má bínú, òkú ni wọ́n fọ́n sílẹ̀. Ẹ̀dá tó ń mí ni aràn yìí, a ò lè tọ́jú rẹ̀ bí a ṣe ń tọ́jú oògùn inú ìgò. Inú fíríìjì ló ń gbé, láàárín 4 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Heterorhabditis kì í sì pẹ́ ní ìpamọ́ tó Steinernema.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe máa rí nǹkan wọ̀nyí ṣe, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà:

Oòrùn ń pa á kíá. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lò ó, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú.

Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù kẹ́ ẹ tó dà á, kẹ́ ẹ tún da omi lé e lẹ́yìn náà kó lè wọlẹ̀. Fíìmù omi tó wà láàárín hóró iyanrìn ni aràn ń gbà rìn. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, kò lè rìn, á sì kú. Ẹ fi koríko tàbí ewé gbígbẹ bo ìdí igi kí ọ̀rinrin lè pẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ oníyanrìn ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù, ilẹ̀ amọ̀ tó dì kì í jẹ́ kó rìn jìnnà.

Ẹ yọ asẹ́ kéékèèké tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ ìfín-oògùn, torí ihò rẹ̀ lè kéré ju ohun tí aràn lè gbà kọjá lọ. Ẹ fọ ẹ̀rọ tí oògùn apakòkòrò ti gbé inú rẹ̀ rí dáadáa. Ẹ máa po omi náà bẹ́ ẹ ṣe ń fọ́n ọn, torí aràn máa ń sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agolo. Ẹ má sì gbé omi náà sínú oòrùn, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ á tán.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó lò ó: ẹ kán díẹ̀ sínú abọ́ omi, ẹ fi awò amú-nǹkan-tóbi wò ó. Èyí tó ń yí ń bẹ láàyè. Àmọ́ Steinernema carpocapsae máa ń sinmi láìmira. Tí ara rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀, ó lè wà láàyè. Èyí tó nà gbọọrọ bí ọ̀pá ti kú.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó. Iye aràn tí wọ́n sábà ń dà ni 25 lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró, ìyẹn 250,000 lórí mítà kan níbùú lóòró. Tí ẹ̀ka igi yín bá nà tó mítà mẹ́rin láti ìdí igi yípo, abẹ́ igi kan á fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 50 ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, aràn mílíọ̀nù 12.5 sì ni igi yẹn máa gbà. Igi igba jẹ́ bílíọ̀nù 2.5, tó jẹ́ ti odidi hẹ́kítà kan. Àpò mílíọ̀nù márùn-ún tí wọ́n ń tà fún ọgbà ẹ̀yìnkùlé nílẹ̀ òyìnbó kò tó ìdajì igi kan. Èyí ló fà á tó fi máa ń yà mí lẹ́nu tí àwọn kan bá ń gbani nímọ̀ràn pé kí àgbẹ̀ lọ ra àpò kan láti òkè òkun kó sì dà á káàkiri oko. Ẹni tó bá fẹ́ kó o wọlé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ ìjọba tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò kó tó wọ̀lú, torí ẹ̀dá alààyè ni.

* * *

Ẹnì kan láti Manchester béèrè bóyá òun lè lò ó nínú ìkòkò òdòdó àti strawberry, pé gbòǹgbò ń tán lábẹ́ wọn. Kì í ṣe oko máńgòrò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n dá a lóhùn kíá, torí níbẹ̀ gan-an ló rọrùn jù. Ìdin ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní vine weevil ló ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀: ẹ tú ìkòkò kan wò, ẹ ó rí ìdin funfun tó ká kò, tí orí rẹ̀ ní àwọ̀ igi. Ẹ lò ó láti ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, kí òtútù tó mú ilẹ̀. Tí òtútù bá ti ń dé, ẹ béèrè Steinernema kraussei, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ tó tutù dé 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí àwọn yòókù ti ń sùn. Ìkòkò kò fẹ̀, omi wà, fíríìjì ò kú. Kò sí ìdí tí kò fi ní ṣiṣẹ́.

* * *

Padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí inú mi dùn sí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú àpò tí wọ́n ń tà. Aràn yìí wà nínú ilẹ̀ wa tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Parakou wá a nínú ilẹ̀ àríwá Benin, wọ́n rí Heterorhabditis taysearae àti Steinernema, wọ́n sì dán wọn wò lórí Bactrocera dorsalis nínú láàbù. Ìdin kú púpọ̀, hóró kò kú tó bẹ́ẹ̀. Aràn tó ti mọ ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ wa tètè ń bá ilẹ̀ wa mu ju èyí tí wọ́n bí ní ibi tútù.

Ẹ lè wá a fúnra yín. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ igi bíi mélòó kan, láti òkè títí dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀, ẹ dà á sínú ike oníderí. Ẹ lọ bá àwọn tó ń sin oyin, kí wọ́n fún yín ní ìdin tó ń jẹ afárá, èyí tí wọ́n máa ń ṣà dànù. Òun náà ni àwọn oníláàbù káàkiri ayé ń lò. Ẹ kó bíi márùn-ún sínú ike, ẹ dé e, ẹ dojú ike délẹ̀, ẹ gbé e síbi òjìji. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Òkú tó dúdú tó sì ń rùn, ẹ jù ú nù. Èyí tí ara rẹ̀ bu, tó hu funfun tàbí àwọ̀ ewé, nǹkan mìíràn ló pa á. Èyí tó pupa rúsúrúsú tàbí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí kò rùn, ẹ mú un.

Ẹ da omi díẹ̀ sínú abọ́, ẹ dojú ìdérí kékeré kan dé sáàárín rẹ̀, ẹ tẹ́ tíṣù lé e kí etí tíṣù kan omi, ẹ to òkú náà sórí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, aràn á máa rìn sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Tẹ́ ẹ bá gbé abọ́ síwájú ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń yí nínú omi. Mo ti ṣe èyí pẹ̀lú ilẹ̀ abẹ́ ọsàn ní Òkè-Ògùn, mo rí ike tí gbogbo ìdin inú rẹ̀ pupa, mo sì rí ike láti ibi tí kò jìnnà síbẹ̀ tí ìdin rẹ̀ yè gbogbo. Kì í wà káàkiri bákan náà. Kì í ṣe ọ̀nà àtipèsè bílíọ̀nù fún odidi hẹ́kítà, àmọ́ ó tó fún igi díẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi dán an wò.

* * *

Àríyànjiyàn tó gùn jù níbí ni ti èso tó já sílẹ̀. Mo ní kí á máa ṣà á, àwọn kan sì ń sọ pé owó òṣìṣẹ́ ò jẹ́ kó ṣeé ṣe, pé torí kí wọ́n má bàa ṣa èso ni wọ́n ṣe fẹ́ lo aràn. Ìṣirò yẹn kò bára mu. Máńgòrò kan tó jẹrà lè bí ìdin tó pọ̀ gan-an, gbogbo wọn á sì já síbì kan náà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí iye aràn tó máa mú wọn tán. Ẹ ṣà á lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán, ẹ kó o sínú ọ̀rá dúdú, ẹ dì í pinpin, ẹ jẹ́ kó wà nínú oòrùn títí gbogbo rẹ̀ á fi kú. Ẹ má ṣe kó o jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko láìbò ó, bí mo ṣe ń rí i lọ́pọ̀ ibi. Ilé ìtọ́jú ọmọ eṣinṣin lẹ fi ń kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó dárúkọ èèrà pupa tó máa ń rán ewé pọ̀ lórí igi fi kọ́ ilé sọ òótọ́. Ní oko máńgòrò ní Borgou, ní àríwá Benin, wọ́n rí i pé igi tí èèrà yìí bá pọ̀ lórí rẹ̀, èso rẹ̀ kì í ní ìdin púpọ̀. Kì í ṣe pé ó ń pa eṣinṣin tó bẹ́ẹ̀, òórùn tó fi sílẹ̀ lára èso ni abo eṣinṣin ń sá fún. Mo mọ̀ pé ó ń já àwọn tó ń ká èso, èyí sì ni wọ́n fi ń fín oògùn pa á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí wọ́n tó gùn ún, kí wọ́n sì ká èso ní òwúrọ̀ kùtù. Èmi ò lè fara mọ́ pípa èèrà yẹn láé.

Ohun kan tún wà tí fídíò Florida ò ní sọ fún yín. Ìdin Diaprepes wà lábẹ́ igi tó ń jẹ, ibẹ̀ náà lẹ ti máa bá a. Eṣinṣin ń fò. Tí oko aládùúgbò yín bá kún fún èso jíjẹrà, eṣinṣin tiwọn á wọlé bẹ́ ẹ tilẹ̀ pa gbogbo ìdin tó wà lábẹ́ igi tiyín. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí òjò tó dé.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ọ̀rọ̀ ti padà wá, wọ́n ní: "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ni kí n ṣe gan-an? Ṣé kò sì ní pa adìyẹ mi?"

Kò ní pa adìyẹ, kò ní pa ewúrẹ́, kò ní ṣe ẹni tó bá jẹ máńgòrò ní nǹkan kan. Ara wa ti gbóná jù fún un. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ò tiẹ̀ ní kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí oògùn apakòkòrò.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ má lò ó fún igi igba. Ẹ fi igi tó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n bẹ̀rẹ̀, torí ní Borgou, àdánù tó kéré ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin máa ń kọjá ìdajì èso nígbà tí oṣù kẹfà bá dé àárín. Láti oṣù kẹta, ẹ gbé páńpẹ́ methyl eugenol, òórùn tó ń fa akọ eṣinṣin, kọ́ láti mọ ìgbà tí akọ eṣinṣin bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èso. Ẹ yan igi mẹ́wàá ní apá kan oko, ẹ yan mẹ́wàá mìíràn ní apá kejì tó jìnnà sí i. Ẹ ṣa èso lábẹ́ méjèèjì bákan náà. Nígbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ tutù dáadáa, tí èso àkọ́kọ́ sì ń já, ẹ fún igi mẹ́wàá ti apá kan ní aràn ní ìrọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èso bá ṣì ń já. Ẹ ran nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mọ́ agbọ̀n tí kò ní ìdí, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ igi kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ilẹ̀ dí etí rẹ̀. Ẹ ka eṣinṣin tó bá jáde sínú nẹ́ẹ̀tì ní apá méjèèjì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí iye wọn bá súnmọ́ra, ẹ fi owó aràn san òṣìṣẹ́ tó ń ṣa èso. Tí apá tó gba aràn bá kéré gan-an, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè pèsè rẹ̀ nílé, torí NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́ ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí yín, mo sì máa bá yín lọ síbẹ̀.